Ọ̀gá Oníbúrẹ́dì Ní Òun Dá Mi Mọ̀

Mo jókòó gbagidi sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó lè wọlé.

"Ọ̀gá, owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta dà o?"

Ọ̀gá yọjú, ó ń làágùn. "Ìwọ náà nìyí! Ìwọ ọ̀lẹ tó máa ń sun búrẹ́dì mi jóná!"

"Ẹ san owó ọ̀lẹ náà, sà."

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ka owó pé, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo kó o, mo yà sẹ́yìn ilé, níbi tí àbúrò mi obìnrin sá pamọ́ sí, ọmọ jòjòló lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó san án?"

"Gba owó iṣẹ́ ẹ, jàre. Gbèsè ọ̀gá ẹ ti pọ̀ débi pé kò mọ ojú ẹni tó jẹ mọ́. Èmi tí mi ò po ìyẹ̀fun fún un lọ́jọ́ kan rí!"