Abẹ́ Àpáta Níbi Tí Igi Kì Í Yè

Ogun ti sọ òkè abúlé wa di apárí. Ìjọba wá dá ọgbà ọmọ igi sílẹ̀ létí odò láti fi tún òkè náà gbìn, àwọn obìnrin ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ wọn. Òun la fi ń gbé ẹ̀mí ró títí ọkà báálì á fi gbó.

Igi kì í kú lọ́wọ́ Ìyá Mansik. Mansik, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bá ogun lọ. Àwọn kan ní ó ti sọdá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá ní àríwá. Bí wọ́n bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ á lọ bomi rin igi.

Abẹ́ àpáta kan lórí òkè náà nìkan ló kọ igi. Ọdún kejì rèé tí gbogbo ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ń gbẹ.

"Òkú kan ló wà níbẹ̀," Ìyá Gapsun, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, sọ. "Ariwo yín ló ń bí i nínú."

"Ariwo ta ló tó tiyín?" Tak, ọ̀gá ọgbà, dá a lóhùn. "Ṣé ẹ rí òkìtì ibojì níbẹ̀ ni? Ṣé èmi ni màá ní kí ẹ gbin igi sórí òkú olókùú, kí gbòǹgbò máa wọ egungun rẹ̀, kó má lè sinmi?"

Ó yíjú sí Ìyá Mansik. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbìn ín lọ́dún yìí. Tó bá tún kú, ìjọba á gbé ọgbà yìí lọ sí abúlé míì. Kí la máa jẹ?"

"Ṣé a ò lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá á rí i láti ojú ọ̀nà."

Ìyá Mansik gbìn ín. Àràárọ̀ ló ń pọn omi gun òkè. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Gapsun gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ àpáta.

"Ṣé igi lẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọmọdé ò fẹ́ kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀."

Ìyá Gapsun rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà.

Nígbà tí òjò dá, àwọn igi náà ti ta ewé tuntun. Inú Tak dùn, ó gbé ọtí ìrẹsì wá fún Ìyá Mansik. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò lè wo ojú Tak.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí alábẹ̀wò dé, Ìyá Mansik kúnlẹ̀ lábẹ́ àpáta, ó ń sunkún, ó fa igi kọ̀ọ̀kan yọ, ó gé gbòǹgbò rẹ̀, ó sì dá a padà sínú ilẹ̀ bó ti ṣe lọ́dún méjèèjì tó kọjá, torí ibẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ sin Mansik sí láìní òkìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n yìnbọn pa á bí ọ̀tá ìlú.