Ẹni Kọkànlélógójì

Owó tí àṣìlò oògùn ń ná ilé ìwòsàn kan ní Sudbury ni wọ́n ní kí Arlene Gaudet ṣírò. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣirò. Ẹ̀yìn ríro ni wọ́n ní ó lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ti pa orúkọ nọ́ọ̀sì àti dókítà rẹ́ nínú gbogbo fáìlì tí wọ́n kó fún un. Bí wọ́n ti í ṣe é nìyẹn, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Ogójì aláìsàn ló wà nínú àkọsílẹ̀. Arlene fi ẹnì kan kún un: Lorne Petrie, awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kú ní wákàtí méjì lẹ́yìn tó gba abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ìwé ní àrùn ọkàn ló pa á.

Iye ọjọ́ tí àṣìlò oògùn bá fi kún ọjọ́ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń ṣírò. Petrie ò lo ọjọ́ kankan mọ́, títí kan àwọn tó yẹ kó lò. Nígbà tí Arlene rò ó tán, ikú ọkùnrin náà ti bá ilé ìwòsàn fi ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá dọ́là pamọ́. Ẹ gbọ́ nǹkan! Inú bí i débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó pa ìṣirò náà rẹ́, ó sì ṣírò ọdún tó yẹ kí bàbá náà ṣì lò láyé.

Ọ̀gá rẹ̀, Keith Dunphy, ránṣẹ́ pè é. Ó ní ta ló sọ fún un pé oògùn ni. Arlene ní kó wo ìwé tí wọ́n fi ń ka oògùn inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà: ìgò oògùn líle dín ẹyọ kan, ti èyí tí kò le sì fi ẹyọ kan lé; èyí tó le ni wọ́n fi gún un dípò èyí tí kò le.

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó gún un," ni Dunphy wí. "Ìwọ náà ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Àánú ò ṣe ọ́ ni?"

"Ìyàwó Petrie ló ń ṣe mí láàánú. Ọdún mẹ́rin nìyí tí wọ́n ti ń parọ́ fún un."

"Yọ Petrie kúrò nínú ìṣirò yẹn, Arlene."

"Mi ò yọ ọ́. Tó bá wù yín, ẹ lé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dé wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó jẹun mọ́, nọ́ọ̀sì kan sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójúkojú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn jókòó lórí ọ̀rọ̀ Petrie. Dunphy ní ìwé kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ò tó ẹ̀rí, àfi kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wá jẹ́rìí. Ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Arlene fa fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí sọ́dọ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́.