Sátidé Lórí Òkè Iyanrìn

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tọmọdé tàgbà ní Kíṣí máa ń gbé pátákó gun òkè iyanrìn, wọn a sì fi yọ̀ ṣeré sọ̀kalẹ̀. Ìyá Àrìnpé kì í bá wọn lọ, torí ilé tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ ni iyanrìn náà bò. Lọ́sẹ̀ yìí, Àrìnpé bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ìyá di ọmọ mú láti ẹ̀yìn, wọ́n yọ̀ títí wọ́n fi dúró lẹ́bàá orí òpó iná kan tó yọ jáde nínú iyanrìn.

"Ẹnu ọ̀nà wa nìyí," ni ìyá wí. "Ibí ni bàbá rẹ ti máa ń dúró dè mí."

Ó rọra fọwọ́ kan iyanrìn. "Bàbá Àrìnpé, mo ti dé o."

Àrìnpé gbá a mọ́ra, ó sì dáhùn dípò bàbá rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màámi."