Lẹ́tà Kóòtù Tí Verlon Lé Padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìlà méjì kí ẹ sá lọ o. Ẹ ka èyí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Ojú mi ò lè gba ibẹ̀ yẹn." Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

1.
Ní ìlú wa níbí ní Alabama, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Verlon Tidmore. Bàbá rẹ̀, Ansel, kú sí ọsibítù ní Birmingham nínú oṣù kìíní. Ogójì éékà ilẹ̀ ni bàbá fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ìyá wọn sí. Kí bàbá tó kú, ó kọ ìwé ìhágún, ó ní kí Verlon àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Delphine, jọ ni ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Inú Bíbélì bàbá ni Verlon tọ́jú rẹ̀ sí.

Delphine pè é láti Detroit.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé yẹn lọ sí kóòtù ogún. Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ẹnì kan ti mú nǹkan wá lórúkọ Pápà. Royce ń sọ káàkiri pé òun náà ní ìwé."

Ọmọ àbúrò bàbá wọn ni Royce yìí.

"Royce wo? Èyí tí ò lè kọ orúkọ ara ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà lọ."

Verlon ò lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Marvella ni. Marvella ni akọ̀wé tó ń jókòó sí káńtà kóòtù ogún ti káúńtì wa, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ wa. Lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Verlon gbé e níyàwó, wọ́n ti rán aṣọ, wọ́n ti ṣe kéèkì, ni ọkọ ìyàwó bá na pápá bora. Láti ìgbà náà, kò débẹ̀ mọ́. Àní nọ́mbà ọkọ̀ tí gbogbo wa ń tò gbà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹlòmíì ló ń bá a gbà á.

2.
Kí ló wá ṣe? Ó kọ lẹ́tà sí kóòtù ogún ti Birmingham. Èsì dé pé àwọn wá orúkọ Ansel Tidmore, àwọn ò rí fáìlì kankan. Inú Verlon dùn ṣìnkìn, ló bá pe Delphine.

"Ó tán! Royce ò ní nǹkan kan."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ibẹ̀ ni Pápà kú sí, kì í ṣe ibẹ̀ ló ń gbé. Kóòtù ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ ogún lọ."

"Ìwọ lo wá mọ kóòtù báyìí?"

"Ṣé kí n pe Marvella fúnra mi?"

"O ò gbọ́dọ̀! Ṣé o fẹ́ kóbìnrin yẹn máa fi mí rẹ́rìn-ín ni? Èmi làkọ́bí. Mo ti bójú tó o."

Delphine gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ sọ?

3.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń pín lẹ́tà kan ilẹ̀kùn. Lẹ́tà méjì ló mú wá, ti Verlon àti ti Delphine, torí ilé Verlon ni Royce júwe fún kóòtù pé àwọn méjèèjì wà. Ó ní kí Verlon fọwọ́ sí i. Verlon rí orúkọ Marvella lára rẹ̀, inú bí i.

"Dá a padà. Sọ fún un pé mi ò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọ̀gá, lẹ́tà kóòtù ni o, kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́."

"Mo ní kó o dá a padà!"

Ẹ gbà mí o! Lẹ́tà tó fẹ́ sọ fún un pé Royce ti mú ìwé dé kóòtù, àti ọjọ́ tí adájọ́ máa jókòó lé e lórí! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló lé wọn.

4.
Nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn agégi dé sórí ilẹ̀ bàbá. Verlon sáré lọ bá wọn. Wọ́n nawọ́ ìwé àṣẹ igi gígé sí i, Royce ló fọwọ́ sí i. Ó gbé Bíbélì, ó di kóòtù, ó tò sẹ́yìn àwọn tó wá gba nọ́mbà ọkọ̀.

"Verlon," ni Marvella wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ kí n bá ẹ wá?"

"Fáìlì bàbá mi."

Ó béèrè orúkọ bàbá àti ọdún tó kú. Ó rí nọ́mbà fáìlì, ó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ohun tí Verlon ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn!

Ìwé àtijọ́ ni Royce mú wá, èyí tí bàbá kọ nígbà kan tóun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń jà. Royce ló fi gbogbo ilẹ̀ fún nínú rẹ̀. Verlon fa ìwé tuntun yọ.

"Èyí ló kọ gbẹ̀yìn! Wò ó! Ó ní kí wọ́n má tẹ̀ lé tàtijọ́ mọ́!"

Marvella kà á. Ó tún un kà. Omi lé sí i lójú.

"Ìwé gidi ni, Verlon. Àmọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ladájọ́ gba ti Royce wọlé. Oṣù mẹ́fà lòfin fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Ó pé lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá."

"Ọjọ́ márùn-ún péré? Ràn mí lọ́wọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ. O rò pé mo ṣì ń bínú ni? Mo ti lọ́kọ, mo ti bí ọmọ mẹ́rin. Mo ti gbàgbé ẹ tipẹ́. Ìwọ nìkan lò ń bá ara ẹ jà."

Lọ́yà méjì ló tún lọ bá. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un.

5.
Delphine wálé pẹ̀lú òdòdó fún sàréè ìyá rẹ̀. Royce ti ti géètì pa.

"Royce, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n wọlé kí ìyá mi."

"Ọjọ́ Sunday ni kó o máa wá. Kó o sì kọ́kọ́ pè mí."

Delphine gbé òdòdó náà sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Verlon tó bá a wá kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Dárí jì mí, àbúrò mi."

"Mo ní kí n pe Marvella, bọ̀ọ̀dá mi. Ìpè kan péré. Ẹ ní kí n má pè é."

Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Títí di òní, kò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí èèyàn yín bá kú, kóòtù ibi tó ń gbé ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ mú orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó kú dání, kẹ́ ẹ béèrè fáìlì rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹni tí ẹ ò fẹ́ẹ́ rí sójú ló jókòó sí káńtà. Bí lẹ́tà kóòtù bá dé, ẹ gbà á, ẹ ṣí i, ẹ kà á. Ìtìjú ìṣẹ́jú méjì kì í pààyàn, àbámọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ò sì parọ́: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.