Ìràwọ̀ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Màmá

Ayàwòrán wa dúró lórí òrùlé, ó ń bẹ ìkùukùu.

Ìràwọ̀ tuntun tó ṣàwárí lóṣù tó kọjá kò yọjú. Ìyá rẹ̀ sì ní òun gbọ́dọ̀ rí i lálẹ́ yìí, kí wọ́n tó gbé òun lọ fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọ̀la.

Orúkọ ìyá ló fi sọ ọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ti kí i kú oríire lórí ìkànnì ayélujára. Ó ti wá ń pe ara rẹ̀ ní "Olùṣàwárí" níbẹ̀.

"Ìràwọ̀ yẹn mọ̀ mí," ló máa ń sọ. "Ibi yòówù kí n kọjú kámẹ́rà sí, igun ọ̀tún lókè àwòrán ló ti máa ń dúró dè mí."

Ìyàwó rẹ̀ gun àkàbà bá a. "Olówó orí mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò."

Ohùn ìyá gba ojú fèrèsé wá. "Ọmọ mi, ṣé ó ti yọ?"

Ayàwòrán tẹ kámẹ́rà, ó dúró, ó wo àwòrán.

Ìràwọ̀ náà rèé, ní igun ọ̀tún, ó ń tàn yanran.

"Ó la ìkùukùu kọjá," ló wí, omijé sì bọ́.

Ìyàwó gba kámẹ́rà, ó yí iwájú rẹ̀ wò.

"Olówó orí mi, ẹ ò tíì ṣí ìdérí ojú kámẹ́rà."

Inú kámẹ́rà ni ìràwọ̀ náà ń gbé látọjọ́ yìí.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti yọ?"

"Ó ti yọ, Màmá. Mò ń gbé e bọ̀."