Ẹ̀rọ Aṣàmín Bọ̀dé

Láràárọ̀ ni ìyá Bọ̀dé máa ń ṣàdúrà fún un lórí fóònù láti Ìgbájọ, àdúrà náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Bọ̀dé wá fi ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan pé kó máa bá òun ṣe àmín, kò sì sọ fún ìyá. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe ṣàtúnṣe ara rẹ̀ láìgbàṣẹ, tó yadi.

"Àtúnṣe òfò!" ni Bọ̀dé ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù Móríyìkẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà fún un, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń báni kí àna kún orí pẹpẹ.

"Bọ̀dá, àtúnṣe kọ́ ló bà á jẹ́. Ó ní kẹ́ ẹ tún ohùn yín gbà sínú òun ni, ẹ ò dá a lóhùn. Ẹ pe Màmá, kẹ́ ẹ ṣe àmín fúnra yín."

Bọ̀dé pè é níbẹ̀, ohùn Màmá sì ń jáde síta.

"Àkànní ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí o—"

"Àmín!"

"Kí o pẹ́ láyé, kí o sì—"

"Àmín! Àmín!"

Màmá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ Àkànní ò tíì sàn o. Lánàá ó yadi, lónìí ó ń já lu ọ̀rọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn sàn jù ú lọ, ó máa ń gbọ́ mi dópin."

Móríyìkẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ti Bọ̀dé débi pé kò lè sọ pé òun gan-an ni. Ó kàn rọra ní, "Àmín."