Ọ̀rọ̀ Tí Ń Tú Ìdè

Lọ́jà, èmi àti Oyèníran ọkọ mi yan ìdè ọwọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀, tó rọ̀ bí òwú, tí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí òfin ti wí, ìdè náà fúnra rẹ̀ bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá tinútinú la fi fẹ́ lò ó. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa sọ tí ẹ bá fẹ́ kí n tú?"

Mo ní, "Àkàngbé." Oríkì ọkọ mi ni, n kò lè gbàgbé rẹ̀.

Nílé, ọkọ mi fi í dè mí. Adùn wọ̀ mí lára, mo sì kì í: "Àkàngbé mi!" Ìdè tú. A tún un dè, mo tún kì í, ó tún tú.

Ojú ọkọ mi fà ro. "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Ká fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Adùn ni! Ìdè, 'ìjọba ìbílẹ̀' ni ọ̀rọ̀ wa báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó dè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì kì í dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀.